Ìwé Méjìlá, Fíìmù Méjìlá: Àdéhùn Ọdún Kan Láàárín Ènìyàn àti Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin ará mọ́sáláásí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ jẹ mọ́ ojú àti etí: ohun tí à ń kà àti ohun tí à ń wò.

Àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n máa ń bá ara wọn ṣe àdéhùn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé iye ìwé báyìí ni àwọn yóò kà, iye fíìmù báyìí ni àwọn yóò sì wò, kí ọdún náà tó parí. Wọn a máa kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí wọ́n bá ti parí rẹ̀. Nígbà tí ọdún bá dópin, wọn a jókòó, wọn a ṣírò rẹ̀. Kò sí ẹ̀bùn níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí à ń bá du ipò. Ẹni tí ènìyàn ń bá figagbága ni ara rẹ̀ ti àná.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ó kan ilé-kéwú nínú irú èyí? Ó kàn wá púpọ̀. Àṣẹ àkọ́kọ́ tí ó sọ̀kalẹ̀ fún Ànábì wa nínú ihò Hírà, àṣẹ ìwé kíkà ni. Bákan náà ni ẹ̀sìn wa kọ́ wa pé a ó béèrè ohun tí a fi ojú àti etí wa ṣe lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá ń kọ ohun tí ó kà àti ohun tí ó wò sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ara rẹ̀ kí ọjọ́ ìṣírò tó dé.

Àdéhùn tí kò ṣàjèjì sí Mùsùlùmí

Ẹ jẹ́ kí a wo oṣù Ramadan. Àlùkùráánì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Mẹ̀dínà ní ojú-ewé 604, ó sì pín sí ọ̀nà 30. Ìpín kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ogún ojú-ewé. Ẹni tí ó bá ka ojú-ewé mẹ́rin lẹ́yìn ìrun ọ̀ranyàn kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ìrun jẹ́ márùn-ún, ti ka ogún lóòjọ́. Nígbà tí oṣù bá parí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ka gbogbo rẹ̀ tán. Ẹni tí ó bá wo 604 lẹ́ẹ̀kan náà, àyà rẹ̀ lè já. Ṣùgbọ́n ta ni ojú-ewé mẹ́rin yóò dẹ́rù bà?

Ìṣirò yìí kan náà ni kí a lò fún ìwé mìíràn. Ìwé tí ó ní ojú-ewé 120, bí a bá ń ka mẹ́rin lójúmọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ni yóò gbà. Ìwé kan lóṣù nìyẹn, ìwé méjìlá lọ́dún. Ànábì wa sì ti kọ́ wa pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe déédéé, bí ó tilẹ̀ kéré.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Sùúrùlérè

Àdúgbò wa kì í ṣe àjèjì sí fíìmù. Gbọ̀ngàn Tíátà tí ó wà ní Ìgànmú, nítòsí wa níhìn-ín, parí ní ọdún 1976, a sì lò ó fún àjọ̀dún FESTAC ní ọdún 1977. Ní ọdún 2024 ni ìjọba fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́. Nígbà tí fíìmù orí fídíò gbòde lẹ́yìn Living in Bondage ti ọdún 1992, Sùúrùlérè ni ọ̀pọ̀ òṣèré àti àwọn tí ń ya fíìmù fi ṣe ibùjókòó. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti bá wọn pàdé lójú pópó tí wọ́n ń ya àwòrán.

Ní àkókò náà, pálọ̀ ni ẹ̀rọ fídíò máa ń wà. Bàbá tàbí ìyá rí ohun tí ọmọ ń wò. Lónìí, inú àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ni fíìmù wà, lórí fóònù, lábẹ́ aṣọ ìbora, nígbà tí àwọn òbí rò pé ó ti sùn. Ohun tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù nìyí. Kíkọ̀ nìkan kò tó mọ́, nítorí ọmọ tí a kọ̀ fún nílé yóò wò ó lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni a ní láti kọ́ kí ó mọ̀ ọ́n yàn.

Ẹ jẹ́ kí a tún ṣe ìṣirò kan. Fíìmù wákàtí méjì lálaalẹ́ jẹ́ wákàtí mẹ́rìnlá lọ́sẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń lo ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí ojú-ewé kan, wákàtí méjì náà ìbá gbé e dé ogójì ojú-ewé. Ní alẹ́ mẹ́ta, ìwé olójú-ewé 120 ti parí. Àwọn tí ń sọ pé àwọn kò ráyè kàwé, ibẹ̀ ni àyè wọn wà.

Ìwé wo ni kí a kà?

Àlùkùráánì ni ṣíwájú, a kì í sì í kà á mọ́ méjìlá yìí. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a pín ìwé náà sí ọ̀nà mẹ́ta: mẹ́rin ní èdè Lárúbáwá, mẹ́rin ní Yorùbá, mẹ́rin ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti Lárúbáwá, ẹni tí ó ti dàgbà nínú kéwú kò gbọdọ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ láì ka ọ̀kan nínú ìwé Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilory, ẹni tí ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, tí ó gbé e wá sí Agége ní ọdún 1955. Ìwé tirẹ̀ sọ ìtàn ẹ̀sìn wa ní ilẹ̀ yìí, láti ọwọ́ ẹni tiwa.

Ní ti Yorùbá, Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní ọdún 1969 yóò mú kí ọmọ tí kò fẹ́ràn ìwé gbàgbé oúnjẹ. Ìtàn Lápàdé ni, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀rí tí ó ń wá ìdí ọ̀ràn. Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí sọ ti àwọn tí wọ́n ń jà fún òmìnira. Ìwé D. O. Fágúnwà ti ọdún 1938, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, kún fún iwin àti ẹbọra. Kí ọmọ kà á fún adùn èdè, kí òbí sì ṣàlàyé fún un pé àlọ́ ni, kì í ṣe ìgbàgbọ́ wa.

Owó kò gbọdọ̀ dí wa lọ́wọ́. Ilé ìkàwé wà ní Yàbá, ìwé àlòkù sì wà lọ́jà. Bí ìdílé márùn-ún nínú mọ́sáláásí kan bá ra ìwé méjì-méjì, tí wọ́n sì ń yá ara wọn, mẹ́wàá ti wà nílẹ̀.

Fíìmù wo ni kí a wò?

Àwọn onímọ̀ yapa lórí ọ̀rọ̀ àwòrán àti fíìmù, a kò sì fẹ́ dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Kí olúkúlùkù bi àfáà rẹ̀ léèrè. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀ ni pé ìhòòhò, ìṣekúṣe àti ohun tí ó lè mú ìrun fò wá kò dára. Bàbá tí kò bá fẹ́ fíìmù nílé rẹ̀ lè fi wáàsí méjìlá rọ́pò rẹ̀. Apá ti ìwé ṣì dúró.

Fún àwọn tí ń wò ó, The Message ti Moustapha Akkad, tí ó jáde ní ọdún 1976, ni kí a kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ya á, ọ̀kan ní Lárúbáwá, èkejì ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú òṣèré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn kò fi Ànábì hàn, a kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kéwú lè wo ti Lárúbáwá kí ó fi dán etí rẹ̀ wò. Akkad náà ló ya Lion of the Desert ní ọdún 1981, lórí Omar Mukhtar ti Líbíyà. Olùkọ́ Àlùkùráánì ni Mukhtar, àgbàlagbà tí ó kojú àwọn ọmọ ogun Ítálì títí tí wọ́n fi so ó kọ́ ní ọdún 1931. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ítálì kò fi gbà kí wọ́n fi fíìmù náà hàn nílẹ̀ wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wádìí ìdí rẹ̀.

Nínú ti Yorùbá, Kò Ṣeé Gbé tí Túndé Kèlání ya ní ọdún 1995, láti inú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, dá lórí òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè tí kò fẹ́ gba rìbá láàárín àwọn tí ń gbà á. Àwọn méjèèjì náà ló wà nídìí Ó Le Kú: ìwé náà jáde ní ọdún 1974, fíìmù rẹ̀ ní ọdún 1997. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, àgbà ni ó wà fún. Ẹni tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ó tó wo fíìmù rẹ̀ yóò rí i pé ojú ọkàn ti ya àwòrán tirẹ̀ sílẹ̀ kí kámẹ́rà tó dé. Nítorí náà, ìwé ni kí ó ṣíwájú.

Bí a ṣe lè ṣe é

Èkíní, kí a ṣe àníyàn: nítorí ìmọ̀, kì í ṣe nítorí ìyangàn. Èkejì, kí a ra ìwé àjákọ kan, kí a kọ orúkọ iṣẹ́, ọjọ́ tí a parí rẹ̀, àti gbólóhùn mẹ́ta: kí ni ó sọ, kí ni mo kọ́, kí ni n kò gbà nínú rẹ̀? Gbólóhùn kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí òun ló ń sọ òǹwòran di onílàákàyè. Ẹ̀kẹta, kí ọmọ má wo fíìmù oṣù kan títí yóò fi parí ìwé oṣù náà. Ẹ̀kẹrin, kí òbí bá a wò ó, kí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí. Òbí tí kò mọ̀wé lè ní kí ọmọ kà á sí òun létí. Àwọn méjèèjì ni yóò jèrè. Ẹ̀karùn-ún, ẹni tí ó bá fà sẹ́yìn ní oṣù kan kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kí ó tún bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó dé.

Ẹni tí ó bá parí mẹ́jọ nínú méjìlá ti fi mẹ́jọ sàn ju ẹni tí kò ṣí ọ̀kan lọ. Àwọn àgbà kò ṣàdédé pe àdúgbò wa ní Sùúrùlérè. Sùúrù ní èrè, àgàgà nídìí ìwé. Kí Allāhu ṣí ọpọlọ àwọn ọmọ wa, kí Ó ṣọ́ ojú àti etí wọn, kí Ó sì jẹ́ kí ìmọ̀ wa ṣe wá ní àǹfààní láyé àti lọ́run. Àmín.