Ilé Bàbá Ti Wọ Funfun, Gèlè Wo Ni Ká Wé Fún Un?

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà lásán ló kù díẹ̀ kó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta kan ní Abẹ́òkúta. Ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ kò tóbi. Ilé ilẹ̀ ni, yàrá mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan níwájú, òpó mẹ́rin, àti fèrèsé onípákó tó ń ṣí síta bí ìwé. Láti ọjọ́ tí bàbá ti kọ́ ọ, funfun ló máa ń kun ògiri rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá funfun jà. Etí ilé ni wàhálà wà: fèrèsé, ilẹ̀kùn, òpó, àti pákó etí òrùlé tí àwọn káfíńtà ń pè ní fáṣíà.

Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ní búlúù tó ń dán yanran lòun fẹ́, nítorí pé búlúù ni aládùúgbò tó kọ́ ilé tuntun kùn. Àbíkẹ́yìn wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí fóònù, ó ní, "Àǹtí mi, àwọ̀ eérú tó ṣókùnkùn ni kí ẹ kùn o, òun ló ń lọ níbí." Àárín wọn ni obìnrin. Àdìrẹ ló ń tà ní ọjà Ìtòkú, ọwọ́ rẹ̀ sì lowó wà. Òun kò tíì sọ̀rọ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn ìyá yìí ju àwọ̀ lọ. Ó mọ̀ pé tí ilé bá ti ń wò bí ilé tí kò lẹ́nìkan, ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ ká tà á ká pín owó" kì í pẹ́ dé. Ẹ̀gbọ́n wọn ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìsìnkú bàbá. Bí wọ́n bá kun ilé yìí tí kò wuyì, tí owó sì ti wọlẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn á tún jí dìde.

ILÉ LÀ Á WÒ

Wọ́n ránṣẹ́ pe akunlé àgbà kan. Gbogbo wọn rò pé yóò ṣí ìwé àwọ̀ tí àwọn ọlọ́dà fi ń polówó. Bàbá náà kò ṣí nǹkan kan. Ó yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹta, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó fi èékánná ha ara fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, "Ìyá Aláàdìrẹ, kí ló wà nínú ilé yìí tí ẹ ò ní pààrọ̀?"

Ìyá ní, "Bàbá, páànù ni. Owó páànù tuntun ò sí nílẹ̀. Iwájú ilé náà, bó ṣe wà yìí ló máa wà, a ò ní da kọnkéré sí i."

Akunlé rẹ́rìn-ín. "Ó parí nìyẹn. Ẹ ti ní àwọ̀ méjì kí n tó dé. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èyíkéyìí tá a bá fẹ́ kùn, àwọn méjèèjì yìí ló máa bá gbé."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni bàbá sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ra ọ̀dà bí ẹni pé ilé wọn kò ní òrùlé, tí kò sì jókòó lórí ilẹ̀. Páànù àwọn ilé àtijọ́ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ti dípẹtà, ó ti pupa rúsúrúsú. Erùpẹ̀ iwájú ilé náà pupa. Bí wọ́n bá gbé búlúù tó ń dán sábẹ́ irú páànù bẹ́ẹ̀, búlúù á máa pariwo, páànù á sì dà bí aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kun etí ilé ní àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n, ìpẹtà òkè á wá dà bí ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Irin ni gbogbo rẹ̀. Ìpẹtà irin ló wà lára páànù. Irin tó ti pẹtà nínú ilẹ̀ ló sọ erùpẹ̀ wa di pupa. Ọ̀dà pupa rúsúrúsú àti ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ tí iléeṣẹ́ ń ṣe, ìpẹtà irin tí wọ́n lọ̀ kúnná ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í bára wọn jà.

Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀. Ohun tó ti pẹtà tán, oòrùn kò tún rí i ṣe. Ọ̀dà onípẹtà irin kì í tètè ṣá. Ọ̀pọ̀ àwọ̀ pupa fòò àti àwọ̀ òféèfé tó ń tàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn bíi mélòó kan, wọ́n á ti ṣì bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn gbàgbé.

Ìsàlẹ̀ ògiri náà kò gbọ́dọ̀ di ìgbàgbé. Òjò tó bá já bọ́ láti etí páànù á ta erùpẹ̀ pupa sókè títí dé orúnkún. Ẹni tó bá kun funfun délẹ̀, ìdọ̀tí ló ń kùn. Àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn ni kó kùn láti ìsàlẹ̀ dé orúnkún, kó tó bẹ̀rẹ̀ funfun. Àwọn àgbà tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ látijọ́ kò ya wèrè.

FUNFUN Ò JỌ FUNFUN

Ìyá Aláàdìrẹ ló la ọ̀rọ̀ kejì fúnra rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, funfun wo lẹ fẹ́ kùn? Aṣọ funfun tí wọ́n fi búlúù ṣàn, àbí èyí tó pọ́n díẹ̀ bíi wàrà?" Akunlé dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́nu, ó ní oníbàárà tó mọ ìyẹn kì í pọ̀.

Ẹni tó bá ti fọ aṣọ funfun rí mọ̀ ọ́n. Aṣọ tí búlúù wà nínú omi ìṣàn rẹ̀ máa ń funfun kinniwin, tó máa ń mú ojú tutù. Aṣọ tí kò rí búlúù máa ń pọ́n díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dà funfun. Funfun tó tutù bá àwọ̀ eérú, aró àti dúdú rẹ́. Funfun bíi wàrà bá àwọ̀ ilẹ̀, osùn, àti ewé tó ṣókùnkùn rẹ́. Níbi tí páànù bá ti dípẹtà, bíi wàrà ló dára jù. Funfun kinniwin lábẹ́ ìpẹtà máa ń mú kí ilé àtijọ́ dà bí ìyá arúgbó tó fi eyín tuntun sẹ́nu.

Àwọ̀ mélòó ló yẹ kó wà létí ilé? Kí obìnrin tó bá wọ búbá àti ìró funfun dáhùn. Gèlè àti ìpèlé rẹ̀ ló máa sọ bóun ṣe ń lọ síbi ayẹyẹ. Bí gèlè bá jẹ́ àlàárì, tí ìpèlé jẹ́ ewé, tí bàtà jẹ́ búlúù, tí báàgì jẹ́ òféèfé, ojú á dàrú. Àwọ̀ méjì ti tó fún ilé funfun: ọ̀kan fún gbogbo pákó, fèrèsé, fáṣíà àti ìsàlẹ̀ ògiri, ọ̀kan tó yàtọ̀ fún ilẹ̀kùn iwájú nìkan, nítorí ibẹ̀ ni àlejò ń wọlé. Irin ojú fèrèsé, kó tẹ̀ lé àwọ̀ fèrèsé, kó má baà dà bí ẹ̀wọ̀n.

Oòrùn tún ní ohun tó ń sọ. Àwọ̀ tó ṣókùnkùn máa ń mu ooru. Fèrèsé onípákó tó kọjú sí oòrùn ọ̀sán, bí wọ́n bá kùn ún dúdú, pákó á máa wú, á máa sún kì, títí ọ̀dà á fi là. Ilẹ̀kùn tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè ṣókùnkùn bó ṣe wù ú. Òjìji ń bò ó.

ẸYẸ TÓ SÁPAMỌ́ SÍNÚ Ọ̀DÀ ÀTIJỌ́

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ-ọmọ Ìyá Aláàdìrẹ, ọmọ ọdún mẹ́ta, dúró sídìí fèrèsé. Ó ń fi èékánná ṣí ọ̀dà tó ti sẹ́, ó sì ń jù ú sẹ́nu. Akunlé fò dìde, ó gbá ọwọ́ ọmọ náà mú. Gbogbo ilé dákẹ́.

Òjé ló ń bẹ̀rù. Ní ayé àtijọ́, wọ́n máa ń po òjé mọ́ ọ̀dà elépo kó lè lágbára. Amẹ́ríkà fòfin de irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nínú ilé gbígbé ní 1978, nítorí ohun tó ń ṣe fún àwọn ọmọdé. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, kì í sì í pariwo kó tó ṣe é. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu. Òjé kan náà, tó wá láti inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ wá wúrà, ló pa ọmọdé tó lé ní 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara nínú àjálù tó hàn síta ní 2010.

Ẹni tó bá fẹ́ kun ilé àtijọ́, kó kà á sí pé òjé wà nínú ọ̀dà rẹ̀. Kó má fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ, nítorí eruku rẹ̀ ló burú jù. Kó má fi iná sun ún. Kó fi omi rin ín, kó rọra há a kúrò, kó tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ kó lè kó gbogbo èépá rẹ̀ jọ. Kó fi nǹkan bo imú. Kí ọmọdé àti aláboyún má sí nítòsí, kí aṣọ iṣẹ́ má sì bá aṣọ ọmọ wọ inú báàfù kan náà. Níbi tí ọ̀dà àtijọ́ bá ṣì di pákó mú dáadáa, kó má há a, kó kan kun tuntun bò ó. Ọmọ tó bá ti ń jẹ èépá ọ̀dà, ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè sọ òótọ́, ojú lásán kò lè rí i.

Ìyá Aláàdìrẹ kò dúró kí ọ̀rọ̀ parí. Lọ́jọ́ náà gan-an ló gbé ọmọ náà lọ fún àyẹ̀wò. Láti ibẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló sùn títí iṣẹ́ fi parí.

ILÉ TÍ A Ò TỌ́JÚ

Ilé funfun tó ní etí aláwọ̀ kì í ṣe nǹkan àjèjì nílẹ̀ wa. Nǹkan bí ọdún 1840 síwájú, àwọn Sàró tó ti Freetown dé àti àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Cuba dé kó iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà wá. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Àgùdà wà lára rẹ̀, ó sì ń bẹ níbẹ̀ dòní. Ilojo Bar ní ojúde Tinúbú kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ní 1956 ìjọba kéde rẹ̀ pé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ni, ní 2016 wọ́n wó o palẹ̀. Ìwé ìjọba nìkan kò gba ilé là.

Ọ̀dà etí ilé sì ju ẹwà lọ. Fáṣíà tí ọ̀dà rẹ̀ ti sẹ́ á máa mu omi òjò, ikán á tẹ̀ lé omi, omi á dé ara igi òrùlé. Láti etí ni ilé ti ń kú wá sínú.

WỌ́N FI PÁKÓ PARÍ ÌJÀ

Akunlé kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ní kí wọ́n ra agolo kékeré mẹ́rin: búlúù Bọ̀ọ̀dá, eérú ará Lọ́ńdọ̀nù, àwọ̀ ilẹ̀ pupa, àti aró tó ṣókùnkùn bí ẹtù. Ó kun ọ̀kọ̀ọ̀kan sí pákó tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ó fi wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n wò wọ́n láàárọ̀, wọ́n wò wọ́n lọ́sàn-án gangan, wọ́n wò wọ́n nírọ̀lẹ́ àti lẹ́yìn òjò. Àwọ̀ inú ìwé ìpolówó kéré, ó ń tanni jẹ. Bó bá ti gba ògiri tán, á le ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Fọ́tò fóònù náà ń purọ́, torí oòrùn Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe oòrùn Abẹ́òkúta.

Lọ́jọ́ kẹta, Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ ló já pákó búlúù sílẹ̀. Ó ní, "Ó ń gún mi lójú." Eérú náà kò burú, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ páànù yẹn, ó dà bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa gba fèrèsé, fáṣíà àti ìsàlẹ̀ ògiri. Aró gba ilẹ̀kùn. Ìyá Aláàdìrẹ kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Aró ló fi tọ́ ọmọ.

Wọ́n dúró kí òjò dáwọ́ dúró kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì parí kí ọyẹ́ tó dé, nítorí eruku ọyẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù bí iyanrìn mọ́ àkàrà. Níbi tí pákó bá ti hàn síta, wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ bò ó, kó tó kan gúlọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fo ìpìlẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ló ń dá owó ọ̀dà sí.

Bọ̀ọ̀dá tó ní kí wọ́n ta ilé ti gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí. Bí àlejò bá dé, òun ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn pé, "Ẹ wo ilé bàbá wa." Ọ̀rọ̀ títà kò tíì wáyé mọ́.