Ipá, Eré àti Agbára: Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yẹ fún Sísọ Ọkọ̀ Agun-àpáta Di Asárépápá

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyí ni agbára, ni àwọn Yorùbá sábà máa ń lò fún ohun tí ń gun òkè, ohun tí ń sáré àti ohun tí ń gbé ẹrù wúwo. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ kan tí ń jẹ́ iṣẹ́ mẹ́ta a máa da ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ rú. Ohun ìṣeré kan wà tí a lè fi la ọ̀ràn náà yé ènìyàn: ọkọ̀ kékeré tí a ń darí láti òkèèrè.

Ní 1976 ni ilé-iṣẹ́ Tamiya ti ilẹ̀ Jàpáànù gbé àkọ́kọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tirẹ̀ jáde, ní àwòrán ọkọ̀ Porsche 934. Láti ìgbà náà, ẹ̀yà wọn ti pọ̀. Ẹ̀yà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa rọra gun òkúta. A lè pè é ní agun-àpáta. Òmíràn wà tí a ṣe kí ó lè sáré, kí ó fò, kí ó ṣubú, kí ó sì tún máa lọ lórí ilẹ̀ gbágungbàgun. Èyí ni asárépápá. Agun-àpáta yóò rí iṣẹ́ ṣe ní Ìdànrè, tàbí lẹ́bàá Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ní Àjàó Estate, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, kò sí àpáta tí yóò gùn, nítorí pé ilẹ̀ yanrìn àti amọ̀ ni ilẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó bá ní agun-àpáta níbẹ̀ lè fẹ́ sọ ọ́ di asárépápá. Jíà ni yóò kọ́kọ́ kàn.

Ọ̀rọ̀ yìí, jíà, kò nílò ìtumọ̀: kò sí awakọ̀ tàbí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n, títí dé ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin. Ti ẹ̀rọ tí iná bátìrì ń yí ni ó ṣòro. A kò lè pè é ní mọ́tò, nítorí pé mọ́tò ti di orúkọ odindi ọkọ̀ lẹ́nu àwọn Yorùbá. Ẹ̀rọ amúyí ni ó yẹ ẹ́. Iye ìgbà tí ẹ̀rọ amúyí gbọ́dọ̀ yí kí táyà tó yí ní ẹ̀ẹ̀kan ni a lè pè ní ìfiwé jíà.

Bí a bá gbà pé ẹ̀rọ amúyí kan ń yí ní ìgbà 24,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí ìfiwé jíà sì jẹ́ 40 sí 1, táyà yóò yí ní ìgbà 600. Bí àyíká táyà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35, ọkọ̀ yóò rin mítà 210 ní ìṣẹ́jú náà, èyí tí í ṣe kìlómítà 12.6 ní wákàtí kan. Bí a bá wá pààrọ̀ jíà títí ìfiwé rẹ̀ fi di 12 sí 1, táyà yóò yí ní ìgbà 2,000, eré yóò sì di kìlómítà 42 ní wákàtí kan. Lójú ẹni tí ń wò ó, agbára ọkọ̀ ti pọ̀ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ipá tí a fi ń yí táyà, tí a lè pè ní ipá ìyí, ti dín kù di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tí a ń rí nígbà tí a bá fi iye ìyípo sọ ipá ìyí di púpọ̀ ni agbára. Bí a bá sì yọ ìwọ̀nba tí ń ṣòfò níbi tí eyín jíà ti ń ha ara wọn, jíà kò lè fi kún un, kò sì lè dín in kù. Pàṣípààrọ̀ ni jíà ń ṣe. Awakọ̀ tírélà tí ó fi ọkọ̀ sí jíà kìíní kí ó tó gun òkè mọ èyí dájú. Ẹni tí ó bá lé eku méjì, òfo ni yóò pa.

Níbi tí jíà kò ti ran ẹ̀rọ amúyí lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, yóò máa fa iná púpọ̀ láti inú bátìrì, yóò sì máa gbóná. Ìdí nìyí tí a fi ń fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ aṣàkóso eré tí ó lè gba irú iná bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ti àwọn táyà. Nínú ọ̀pọ̀ agun-àpáta, táyà ọ̀tún àti ti òsì so pọ̀, iye kan náà ni wọ́n sì ń yí, kí èyí tí ó wà lófuurufú má baà máa yí lásán. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń fi eré yà, ọ̀nà táyà ti ìta gùn ju ti inú lọ; bí wọ́n bá so pọ̀, wọ́n ó máa wọ́ nílẹ̀, kò sì ní rọrùn láti darí ọkọ̀. Jíà tí ń jẹ́ kí ìyípo wọn yàtọ̀ ni a lè pè ní jíà apínyí. Nínú Traxxas TRX-4, tí ó jáde ní 2017, ènìyàn lè ti jíà apínyí láti òkèèrè, ó sì lè ṣí i. Ó tún yẹ kí a yọ òjé tí àwọn kan ń fi sínú ẹsẹ̀ agun-àpáta, kí a fi sípíríǹgì tí ó le sí i, kí a sì da òróró tí ó ki sínú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, kí ọkọ̀ má baà fi ikùn gbálẹ̀ nígbà tí ó bá fò tí ó sì balẹ̀.

Ní 1970 ni ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Ètò náà fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí ìperí máa tọ iṣẹ́ lẹ́yìn. Kí jíà, táyà àti bátìrì dúró bí wọ́n ti wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ àyálò bá ti ṣini lọ́nà bíi mọ́tò, tàbí tí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá ti di ẹrù púpọ̀ lé orí bíi agbára, ibẹ̀ ni kí a ti ṣẹ̀dá tuntun.

Bí asárépápá ọmọ kan ní Àjàó Estate kò bá lè gun etí gọ́tà tí ó ń gùn nígbà tí ó ṣì jẹ́ agun-àpáta, tí ọmọ náà kò sì ní ju ọ̀rọ̀ agbára lọ, yóò ní agbára ọkọ̀ òun ti tán, yóò sì lọ ra bátìrì mìíràn. Èyí tí a bá kọ́ ní ipá ìyí yóò ka eyín jíà rẹ̀.