Ilé-iṣẹ́ Pa Orúkọ Dà

Ẹ̀yin ará Ifọ̀, ẹ mọ Ìkẹjà níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń balẹ̀. Ní 1946, ìjọba mẹ́rin, Nàìjíríà, Gánà (Gold Coast nígbà náà), Sàró àti Gáńbíà, para pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú WAAC sílẹ̀. Ní 1958, àjọṣe tú. Gánà dá tirẹ̀ sílẹ̀. Tiwa wá di WAAC (Nigeria), èyí tí a mọ̀ sí Nigeria Airways. Ó pa mí lẹ́rìn-ín: lẹ́tà tó dúró fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ilé kan ṣoṣo ló ń jẹ́ ẹ! Bí ẹ bá jẹ́ akọ̀wé ibẹ̀, báwo lẹ ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún èrò ọkọ̀?

Orúkọ ni ilé-iṣẹ́ ń jẹ́; owó oṣù ni òṣìṣẹ́ ń jẹ. Ta ni yóò ka ọdún tó ti fi sìn? Nigeria Airways kógbá wọlé ní 2003. Ní 2018, àwọn àgbà kan ṣì ń tò láti gba ẹ̀tọ́ wọn.