Àwọn Tí Kò Wọ Ààfin Rí Ló Ń Ròyìn Ayaba

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí èyíkéyìí ní Ajah lọ́sàn-án Sátidé, ẹ ó bá tẹlifíṣọ̀n lára ògiri, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi fíìmù ààfin sí i. Bí kò bá jẹ́ ti Yorùbá, níbi tí olorì kan ti ń bu májèlé sínú ọbẹ̀ orogún rẹ̀, á jẹ́ ti Tọ́kì, níbi tí àwọn obìnrin aláṣọ sẹ́dà ti ń du ojú rere Súlútáánì. Ohun kan náà ni méjèèjì ń kọ́ wa: pé obìnrin ààfin kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó wu ọba lọ. Irọ́ ni, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pa á. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa tí a ní ààfin Ọ̀yọ́ nílé ló yẹ ká kọ́kọ́ já a.

Àlùfáà Samuel Johnson, tó gbé Ọ̀yọ́ pẹ́ títí, ṣàlàyé ètò àwọn obìnrin ààfin nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Àwọn ìyá olóyè mẹ́jọ ló kà sí àgbà wọn. Ìyá Kéré ni ẹ jẹ́ ká wò dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ ni adé àti gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ oyè wà. Òun ló ń gbé adé lé Aláàfin lórí lọ́jọ́ ìwúyè. Ó ní ère amọ̀ tí wọ́n fi àmì orí ìlàrí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìránṣẹ́ ọba, sí lára, kó má baà sí ẹni tí yóò purọ́ pé ọba ló rán òun. Johnson to Aṣẹ́yìn, Olúwòó àti Baálẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí Aláàfin bá sì ṣẹ̀ ẹ́, ó lè di ohun oyè mọ́wọ́, kí ọba má lè jáde gba àlejò. Ẹ rò ó wò ná: ìjòyè ti pé, ìlù ti ń dún, ọba sì wà nínú ilé nítorí pé inú obìnrin kan kò dùn sí i.

Ìyá Nàsó ló ń bójú tó Ṣàngó ààfin. Oyè rẹ̀ tilẹ̀ ti ré òkun kọjá: ọ̀kan nínú àwọn ilé òrìṣà tó lọ́jọ́ lórí jù ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ń jẹ́ Ilê Axé Iyá Nassô Oká títí dòní.

Nígbà tí arìnrìn-àjò kan, Hugh Clapperton, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, láyé Aláàfin Májòtú, ọba sọ fún un pé bí àwọn aya òun bá di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọn yóò gùn dé ìlú Ìjànà tó jìnnà. Ẹni tó bá gbọ́ èyí nìkan, ibùsùn ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ. Ṣùgbọ́n Clapperton kan náà ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi gbogbo ni òun ti ń bá àwọn aya ọba pàdé, tí wọ́n ń ṣòwò fún un, tí wọ́n ru ẹrù bàǹtà-banta láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí arìnrìn-àjò mìíràn, Richard Lander, àti àbúrò rẹ̀ gba ọ̀nà yẹn ní 1830, wọ́n rí i pé irú aṣọ kan wà tí ayaba fi ń di ẹrù, tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ lò. Ẹni tó bá di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í san owó oníbodè, olórí ìlú tó bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà á lálejò. Iṣẹ́ ìṣúra ọba ni wọ́n ń ṣe lójú ọ̀nà.

Ẹ wá gba ibẹ̀ bá mi dé Istanbul. Ààfin Topkapı ni àwọn Súlútáánì Ottoman gbé fún ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Hárẹ́mù ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìdílé ọba, ibi tí wọ́n fi sí ẹ̀hà, tí ọkùnrin àjèjì kò gbọdọ̀ tẹ̀. Ìyá Súlútáánì, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Valide, ni olórí rẹ̀. Ẹrú ni wọ́n ra Hürrem, láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Ukraine lónìí. Súlútáánì Süleyman fi í ṣe ìyàwó; Hürrem yìí kọ́ mọ́ṣáláṣí, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn sí Istanbul, ó sì dá ilé oúnjẹ fún àwọn aláìní sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù. Kösem di ìjọba mú fún ọmọ rẹ̀ láti 1623, ó sì tún dì í mú fún ọmọ ọmọ rẹ̀ nígbà tí ìyẹn gorí oyè ní 1648 lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Inú ààfin náà ni wọ́n ti fún un lọ́rùn pa ní 1651, nítorí agbára. Olórí àwọn ìwẹ̀fà ibẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ọwọ́ rẹ̀ sì ni wọ́n fi àkóso wàkáfù, ìyẹn ohun ìní tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìsìn àti àánú, ti Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà sí. Ẹni tó bá mọ Òsì Ẹ̀fà, ìwẹ̀fà ààfin Ọ̀yọ́, tó ń wọ ọ̀dọ̀ àwọn ayaba nígbàkigbà tó sì ń ṣojú ọba níta, kò ní bèèrè bí ìyẹn ṣe lè rí bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni òyìnbó rí nínú hárẹ́mù yìí? Ọ̀pọ̀ wọn kò rí nǹkan kan, wọn kò wọlé. Àgbọ́sọ àti ohun tó ń wu àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi kọ ìwé, tí wọ́n fi kọrin, tí wọ́n fi ya àwòrán. Ayàwòrán Faransé nì, Ingres, kò dé Tọ́kì rí títí ó fi kú. Síbẹ̀, ní 1862, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ó ya ilé ìwẹ̀ Tọ́kì kan: àwòrán roboto, tí obìnrin oníhòòhò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí wọ́n ń fara rọ ara wọn, tí ọ̀kan kọ̀yìn sí wa tó ń ta ohun èlò orin olókùn.

Ibi tó ti rí ìtàn náà ló yà mí lẹ́nu jù. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Lady Mary Wortley Montagu, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ Ottoman, wọ ilé ìwẹ̀ àwọn obìnrin ní Sofia ní 1717, ó sì kọ lẹ́tà nípa rẹ̀. Ingres da ibì kan kọ nínú àwọn lẹ́tà náà sínú ìwé rẹ̀. Àmọ́ ohun tí obìnrin náà rí ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, àwọn tó ń mu kọfí, àti àwọn tó fẹ̀yìn lélẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ń di irun wọn. Ó ní ibẹ̀ ni gbogbo ìròyìn ìlú ti ń jáde, àti pé òun kò rí ìwà àìnítìjú kankan. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí Ajah gan-an ló ṣàpèjúwe, àyàfi pé aṣọ kò sí lára wọn! Ọkùnrin yẹn kà á, ó fọ iṣẹ́ àti ìròyìn dànù, ìhòòhò ló mú. Láàárín àwọn obìnrin ilẹ̀ yẹn ni Lady Mary sì ti rí bí wọ́n ṣe ń fín ṣọ̀pọ̀ná sára kó má baà pa ènìyàn. Ó ní kí wọ́n fín in fún ọmọkùnrin rẹ̀ ní 1718, ó sì gbé ìmọ̀ náà lọ sílé.

Èmi kò sọ pé ibi ìgbádùn ni ààfin. Rírà ni wọ́n ń ra àwọn ọmọbìnrin hárẹ́mù. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, ọ̀pọ̀ kò yè é. Ìyá Kéré tiwa kò gbọdọ̀ bímọ; nígbà kan rí, bí Aláàfin bá wàjà, Ìyá Ọba, tí òun náà wà lára àwọn ìyá olóyè mẹ́jọ náà, gbọ́dọ̀ bá a lọ. Àánú wọn ṣe mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ wọ́n di ohun ìran lásán tún gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ikú ni.

Ọ̀pọ̀ ìyá oníṣòwò aṣọ láti apá Lekki àti Ajah ló mọ Laleli ní Istanbul bí ẹní mọ ọjà ilé. Tíráàmù láti ibẹ̀ dé ìtòsí Topkapı kò jìnnà rárá. Bí ẹ bá ti di ẹrù tán tí ọkọ̀ òfurufú kò tíì yá, ẹ dé ibẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ti jẹ́ láti 1924. Ẹ ní kí wọ́n fi yàrá Valide hàn yín, kí ẹ sì bi ẹni tó ń mú yín káàkiri pé ta ló máa ń wá sọ ẹjọ́ níbẹ̀, ìránṣẹ́ wo ló ń ti ibẹ̀ jáde, owó wàkáfù mélòó ló ń gba ọwọ́ ìyá náà kọjá.