Ọwọ́ Púpọ̀ Ni Ó Gba Ẹ̀gẹ́ Wa Là



Ẹni tí ó ra gàrí lónìí ní ọjà Karmo, ní Abùjá, lè má mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ẹ̀rù bà wá pé ẹ̀gẹ́ yóò parun ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 1973 ni a kọ́kọ́ kíyè sí kòkòrò kan ní agbègbè Kóńgò, tí ara rẹ̀ funfun bí ohun tí a bu ìyẹ̀fun lù. Omi ara ẹ̀gẹ́ ni ó ń fà mu. Ọ̀mùnú ewé a sì ká jọ, igi a ràn. Ní àwọn oko kan, àdánù náà tó 80 nínú 100. Kò pẹ́ tí ó fi wọ Nàìjíríà.

Ta ni ó ṣẹ́gun rẹ̀? Orúkọ tí a máa ń gbọ́ ni ti Hans Herren, onímọ̀ kòkòrò ní ibùdó ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí ó gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ní 1981, Anthony Bellotti, ti ibùdó ìwádìí CIAT ní Kòlóńbíà, rí kòkòrò yìí ní Paraguay. Agbọ́n tíńtín kan wà níbẹ̀ tí ń yé ẹyin sínú ara rẹ̀. Ìdin agbọ́n a sì jẹ ẹ́ láti inú títí yóò fi kú. A kọ́kọ́ kó agbọ́n náà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àyẹ̀wò, kí ó má baà gbé ibi mìíràn wá. Ní ọdún kan náà ni a tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ojú kì í tó. Agbọ́n kì í dá ara rẹ̀ sìn. Ẹnì kan ní láti gbin ẹ̀gẹ́, kí ó kó kòkòrò lé e, kí kòkòrò pọ̀, kí agbọ́n tó rí ibi yé ẹyin sí. Bí ẹni tí ń bomi rin ẹ̀gẹ́ náà bá gbàgbé, òfò ni. Awakọ̀ ní láti gbé agbọ́n dé oko kí ooru tó pa á. Ẹlòmíràn a máa ka kòkòrò lára ọ̀mùnú, láti ebè dé ebè. Iye tí ó kọ sílẹ̀ ni onímọ̀ ìṣirò gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ó bá fi irọ́ kọ ọ́, ìmọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè tún un ṣe.

Ẹ̀yin náà wà nínú iṣẹ́ yìí. Oògùn apakòkòrò tí a bá fín láìronú lè pa agbọ́n tí ń ṣọ́ oko wa. Nítorí náà:

1. Bí òṣìṣẹ́ ìwádìí bá sàmì sí igi kan ní oko yín, ẹ má fà á tu, ẹ má sì fín oògùn sí i láìsọ fún un.

2. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ, kì í ṣe ohun tí ẹ rò pé ó fẹ́ gbọ́.

3. Ẹ béèrè èsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni láti mọ ohun tí oko yín fi hàn.

Oko á gbè wá o.