Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí Ọmọdé Kúrò Nínú Àga Kan Bọ́ Sí Òmíràn Nínú Mọ́tò

Kò sí òbí tí í ra bàtà ọmọ ọdún mẹ́wàá fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, nítorí ó mọ̀ pé bàtà náà yóò gbé ọmọ ṣubú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àga ààbò tí a fi ń gbé ọmọdé jókòó nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí. Àwọn àgbà ní, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àga tí ó bá ọmọ mu ni í gbà á là ní ọjọ́ ewu. Èyí tí ó ti kéré jù fún un, tàbí èyí tí ó tóbi jù ú lọ, lè já òbí kulẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an tí a tìtorí rẹ̀ rà á.

Nígbà ọdún, tí àwọn ọmọ tí ó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní òkè òkun bá ń bọ̀ wá sí ilé, ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ni í rí ọmọ-ọmọ wọn nínú irú àga yìí, tí a fi okùn dè é ní èjìká méjèèjì àti ní ìbàdí. Àánú ọmọ a ṣe wọ́n. Wọn a ní kí a tú u sílẹ̀, kí a gbé e wá sí orí itan àwọn. Ìfẹ́ ni ó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí tọmọdé tàgbà mọ ìdí tí a fi de ọmọ náà, àti ìgbà tí ó tọ́ láti gbé e kúrò nínú àga kan sí òmíràn.

ÌDÍ TÍ APÁ ÌYÁ KÒ FI TÓ

Bí mọ́tò bá ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, gbogbo ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń sáré bákan náà. Bí ó bá kọlu igi tàbí ọkọ̀ mìíràn, ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò dè kò dúró: yóò máa bá eré náà lọ títí ohun kan yóò fi dá a dúró. Ipá ìkọlù bẹ́ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tí ó já bọ́ láti òkè tí ó ga tó mítà 10, èyí tí í ṣe gíga ọ̀pẹ tí ó ti dàgbà. Ta ni ó lè na ọwọ́ gba ọmọ tí ń já bọ́ láti orí ọ̀pẹ?

Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ìwọ̀n ọmọ lè di ìlọ́po 20. Ọmọ tí ó wọn kílò 10 yóò fa ọwọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹrù kílò 200, èyí tí í ṣe àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin. Kò sí apá tí ó lè dì í mú, bí ó ti wù kí ìyá náà lágbára tó.

Ewu mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìyá bá pọn ọmọ sẹ́yìn tí ó sì fẹ̀yìn ti àga mọ́tò, ara ìyá ni yóò tẹ ọmọ mọ́ àga. Bí ó bá sì gbé e lé itan, tí ó wá fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo de ara òun àti ọmọ, ọmọ náà ni yóò wà láàárín bẹ́líìtì àti gbogbo ìwọ̀n ìyá rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé lílo àga ààbò lè dín ikú àwọn ìkókó nínú ìjàmbá ọkọ̀ kù títí dé ìdá 71 nínú 100.

ÌDÍ TÍ ÌKÓKÓ FI Ń KỌJÚ SÍ Ẹ̀YÌN ỌKỌ̀

Gbogbo ìyá tí ó ti wẹ ọmọ tuntun rí ni ó mọ̀ pé orí ni a kọ́kọ́ ń dì mú. Orí ìkókó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni egungun ọrùn rẹ̀ ṣì rọ̀, kò tíì so pọ̀ dáadáa. Bí ìkókó bá kọjú sí iwájú nígbà tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, okùn yóò di ara rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ yóò fò síwájú, ọrùn tí kò tíì gbó ni yóò sì ru gbogbo wàhálà náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ̀yìn àga ni yóò gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ti ń gba ẹyin.

Ará Sweden kan, Bertil Aldman, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú àga yìí. Ó kíyèsí i pé àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń lọ sí ojú sánmà a máa fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn, kí ipá ìgbéra ọkọ̀ náà lè tàn ká gbogbo ẹ̀yìn wọn. Ní ọdún 1964, ilé iṣẹ́ Volvo dán àga tí ó ṣe lọ́nà bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé wò. Títí di òní, ní Sweden, a máa ń jẹ́ kí ọmọ kọjú sí ẹ̀yìn títí yóò fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyèsí èyí dáadáa: a kò gbọdọ̀ gbé àga tí ó kọjú sí ẹ̀yìn sí iwájú ọkọ̀ tí àpò afẹ́fẹ́ ń bẹ́ jáde níbẹ̀ bí ìjàmbá bá ṣẹlẹ̀, àfi bí a bá ti pa àpò náà. Àpò tí ń gba àgbàlagbà là yìí lè pa ìkókó, nítorí ẹ̀yìn àga rẹ̀ ni yóò fi ipá kọlù.

ÌPELE KÌÍNÍ: ÀGA ÌKÓKÓ

Èyí ni àga kékeré tí ó ní ọwọ́ ìgbámú, tí a lè gbé jáde pẹ̀lú ọmọ nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ nìkan ni ó máa ń kọjú sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ṣe fún ọmọ tí kò ju kílò 13 lọ, ṣùgbọ́n ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara àga ni kí òbí kà, nítorí kì í ṣe ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Àmì méjì ni ó ń fi hàn pé ọmọ ti ju àga yìí lọ. Èkíní ni pé ìwọ̀n rẹ̀ ti dé iye tí a kọ sí i. Èkejì ni pé àtàrí rẹ̀ ti sún mọ́ etí òkè àga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ku ohun tí kò tó ínṣì kan. Àmì kejì yìí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dé, nítorí ọmọ a máa ga kí ó tó wúwo. Ìwọ̀n kò ṣòro láti mọ̀: a máa ń kọ ọ́ sínú káàdì nígbà tí a bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn.

ÌPELE KEJÌ: ÀGA ŃLÁ TÍ Ó LÈ KỌJÚ SÍ Ọ̀NÀ MÉJÌ

Bí ọmọ bá kúrò nínú àga ìkókó, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó tó àkókò láti kọjú síwájú. Àga ńlá ni a ó gbé e sí, ẹ̀yìn ni yóò sì máa kọjú sí títí yóò fi dé òpin ìwọ̀n tàbí gíga tí a kọ sí àga náà fún ìjókòó bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń kọjú sí ẹ̀yìn, ibi tí okùn àga ti jáde gbọ́dọ̀ bá èjìká rẹ̀ dọ́gba tàbí kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i.

Nígbà tí ó bá wá kọjú síwájú, ibi tí okùn ti jáde gbọ́dọ̀ bá èjìká dọ́gba tàbí kí ó ga díẹ̀ jù ú lọ. Bí okùn kan bá wà ní orí àga tí a ń so mọ́ ara ọkọ̀, kí òbí má ṣe fi í sílẹ̀ láìso, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí àga dojú bolẹ̀. Ọmọ ti ju àga yìí lọ nígbà tí èjìká rẹ̀ bá ga ju ihò okùn tí ó wà lókè pátápátá, tàbí tí òkè etí rẹ̀ bá dé etí òkè àga, tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá pé iye tí a kọ sí i.

ÌPELE KẸTA: ÀGA ÌGBÉGA

Iṣẹ́ àga yìí ni láti gbé ọmọ ga, kí bẹ́líìtì mọ́tò tí a ṣe fún àgbàlagbà lè bọ́ sí ibi tí ó yẹ lára rẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ wà ní orí egungun ìbàdí, kì í ṣe ní orí ikùn, nítorí ikùn kò ní egungun tí yóò dáàbò bo ìfun àti ẹ̀dọ̀. Apá òkè rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àárín èjìká àti àyà kọjá, kì í ṣe ọrùn. Ọmọ tí kò tíì lè jókòó jẹ́ẹ́, tí ń yọ apá kúrò lábẹ́ bẹ́líìtì tàbí tí ń yí gbirigbiri, kò tíì yẹ fún ìpele yìí, bí ó tilẹ̀ ti ga tó.

ÌPELE KẸRIN: BẸ́LÍÌTÌ NÌKAN

Kí a tó mú àga kúrò pátápátá, kí òbí dán ọmọ wò báyìí: Ǹjẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga mọ́tò tán? Ǹjẹ́ orúnkún rẹ̀ ká ní etí àga? Ǹjẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀? Ǹjẹ́ bẹ́líìtì wà ní ìbàdí àti ní àárín èjìká? Ǹjẹ́ ó lè jókòó bẹ́ẹ̀ títí ìrìn-àjò yóò fi parí? Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kò tíì tó àkókò. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó sì dára jù fún un títí yóò fi pé ọmọ ọdún 13.

OHUN TÍ ÒFIN ÀTI ÀWỌN ONÍMỌ̀ SỌ

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, òfin ní kí ọmọ lo àga ààbò títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí títí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Nínú àwọn àga tí a ń fi gíga ọmọ yàn níbẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ̀yìn títí yóò fi ju oṣù 15 lọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé sọ ní ọdún 2011 pé kí ọmọ kọjú sí ẹ̀yìn títí di ọmọ ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018 wọ́n mú iye ọdún náà kúrò, wọ́n ní kí ó máa kọjú sí ẹ̀yìn títí àga yóò fi kéré jù fún un. Ní Nàìjíríà, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 a máa kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ pé iwájú ọkọ̀ kì í ṣe ibi ìjókòó ọmọdé.

ÀṢÌṢE TÍ Ó WỌ́PỌ̀

Ọ̀pọ̀ òbí a máa yí ọmọ síwájú nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ẹ̀yìn àga mọ́tò. Ẹsẹ̀ kíká kì í ṣe àmì. Ọmọdé a máa ká ẹsẹ̀ jókòó láìsí ìrora. Àwọn mìíràn a yí i nítorí ọjọ́ ìbí rẹ̀, tàbí nítorí pé ọmọ aládùúgbò ti ń kọjú síwájú. Kì í ṣe oyè ni a ń fi jẹ. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá gòkè láti ìpele kan sí èkejì, ààbò rẹ̀ ń dín kù díẹ̀. Nítorí náà, kò sí ìdí tí a fi ní láti kánjú.

Àwọn kan sì ń tú ọmọ sílẹ̀ nítorí pé ó ń sunkún. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun jẹ̀ ní ààtàn. Ẹkún yóò dá. Ọrùn tí ó bá ṣẹ́ kò ṣeé tún rà ní ọjà.

Bí a bá de okùn, kí ó fún tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè fi ìka méjì ṣẹ́ ẹ pọ̀ ní èjìká ọmọ. Ní àkókò ọyẹ́, kí a má ṣe wọ aṣọ òtútù tí ó nípọn fún un lábẹ́ okùn. Kí a dè é tán ná, kí a tó da aṣọ bò ó. Ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀, kí a fọwọ́ kan irin ìdè àga kí a tó gbé ọmọ sí i, nítorí oòrùn a máa mú kí ó gbóná tó ohun tí ń jó ara. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ọmọ sílẹ̀ nìkan nínú mọ́tò.

ÀGA TOKUNBỌ̀ ÀTI ỌKỌ̀ ÈRÒ

Àga tí a ti lò rí ní òkè òkun pọ̀ ní ọjà. Kí olùrà wo ara rẹ̀ bóyá a kọ ọjọ́ tí ìlò rẹ̀ yóò dópin sí i, bóyá ó sán, bóyá okùn rẹ̀ já, àti bóyá ìwé ìwọ̀n ṣì wà lára rẹ̀. Àga tí ó ti wà nínú ìjàmbá rí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Bí ẹni tí ń tà á kò bá lè sọ ìtàn rẹ̀, ó sàn kí a fi í sílẹ̀.

Fún àwọn tí ń wọ ọkọ̀ èrò, tí kò sí àga ọmọdé nínú rẹ̀, nǹkan ṣì wà tí wọ́n lè ṣe. Kí wọ́n má ṣe gbé ọmọ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Kí wọ́n gbé ọmọ tí ó ti lè jókòó sí àyè tirẹ̀ ní ẹ̀yìn, kí wọ́n sì de bẹ́líìtì fún un bí ó bá wà. Kí wọ́n má sì tijú láti sọ fún awakọ̀ pé kí ó dín eré kù, nítorí bí eré bá ti pọ̀ tó ni ewu ń pọ̀ sí i.

Nítorí náà, bí ọmọ bá dé láti ìdálẹ̀ nínú àga rẹ̀, kí bàbá àgbà àti ìyá àgbà má ṣe bínú sí okùn tí a fi dè é. Kí wọ́n béèrè iye tí ó wọ̀n, kí wọ́n wo ibi tí orí rẹ̀ dé nínú àga, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí mọ́tò yóò fi dúró ní ẹnu ọ̀nà. Nígbà náà ni kí wọ́n tú u, kí wọ́n gbé e mọ́ra, kí wọ́n sì kí i káàbọ̀.