Ẹran bíńtín tí dókítà gé lẹ́nu aláìsàn: bó bá bàjẹ́ lọ́nà, àyẹ̀wò jẹjẹrẹ di òtúbáńtẹ́

Kò sí ọdẹ kan ní Oda, lẹ́bàá Àkúrẹ́, tí ẹnikẹ́ni ní láti kọ́ pé ẹran ìgbẹ́ tó pa láàárọ̀ kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì láì rí iná. Kí oòrùn tó wọ̀, eṣinṣin yóò ti bò ó, òórùn rẹ̀ yóò ti yí padà, ẹni tó fẹ́ rà á yóò sì ti máa yínmú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò ni pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹran ara ọmọ ènìyàn rí. Bí dókítà bá gé ẹran bíńtín, tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, lẹ́nu aláìsàn kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àrùn jẹjẹrẹ ló wà níbẹ̀, láti ìṣẹ́jú náà ni ẹran ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí ó bá bàjẹ́ tán kó tó dé ibi àyẹ̀wò, kò sí ọ̀mọ̀wé tó lè sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn náà.

Jẹjẹrẹ ẹnu kì í ṣe àrùn tí a lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń wádìí jẹjẹrẹ, ka àwọn tí jẹjẹrẹ ètè àti ẹnu ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kárí ayé ní ọdún 2022 sí ohun tó lé ní 380,000, àwọn tó sì tipa rẹ̀ kú lọ́dún náà lé ní 180,000. Sìgá, tábà jíjẹ, aáṣáà àti ọtí líle ló wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń mu sìgá tó tún ń mu ọtí ti so ewu méjì pọ̀, ewu náà sì ju ti ẹni tó ń ṣe ọ̀kan ṣoṣo lọ dáadáa. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé egbò náà kì í sábà dun ènìyàn níbẹ̀rẹ̀. Egbò tí kò dunni ni àgbàlagbà sì máa ń fi ṣeré: yóò fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, yóò mu àgbo, yóò ní eyín òun ló ń gé òun jẹ. Egbò ẹnu tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò san, àmì funfun tàbí pupa lórí ahọ́n tàbí nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, eyín tó kàn ń mì láìnídìí, kókó tó yọ ní ọrùn, ó yẹ kí dókítà eyín fojú kàn wọ́n.

Ká ní bàbá àgbẹ̀ kókó kan ní Oda ló ní irú egbò bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n. Dókítà á bi í pé, "Bàbá, ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń rí i?" Bàbá á ní, "Ó ti pẹ́ díẹ̀, ọmọ mi. Kò kúkú dùn mí." Dókítà á wò ó, á tẹ̀ ẹ́ wò, á rí i pé etí egbò náà le. Síbẹ̀, ojú lásán kò lè dájọ́. "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, a máa gé díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò." Bàbá lè fara mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ẹran àkọ́kọ́ ti bàjẹ́, pé kó wá kí wọ́n tún gé òmíràn, ta ni yóò dá a lóhùn? Owó ọkọ̀ ti lọ, abẹ́rẹ́ amúnimọ̀ràn-kú ti gbóná lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìbẹ̀rù sì ti wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú irú wọn kì í padà wá mọ́, egbò náà kò sì ní dúró dè wọ́n.

Omi kan tí wọ́n ń pè ní fọ́málìn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé lórí. Ní ọdún 1893, Ferdinand Blum, oníṣègùn ará Jámánì kan ní ìlú Frankfurt, ń lo omi náà láti fi pa kòkòrò àrùn. Ó wá ṣàkíyèsí pé awọ ìka ọwọ́ òun ti le gbagidi, bí ẹran tí wọ́n rẹ sínú ọtí. Ibẹ̀ ló ti ronú pé omi tó lè sọ ìka òun dà báyìí yóò mú ẹran dúró kó má bàjẹ́. Títí di òní, òun náà ni àwọn ilé ìwòsàn ń lò. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń so àwọn èròjà inú ẹran pọ̀ mọ́ ara wọn, tó fi jẹ́ pé bí ẹran náà ṣe rí lẹ́nu aláìsàn ni yóò ṣe wà.

Ṣùgbọ́n fọ́málìn ní òfin tirẹ̀. Èyí tó le jù ni wọ́n ń mú ìdá kan rẹ̀, tí wọ́n fi omi ìdá mẹ́sàn-án là á, pẹ̀lú iyọ̀ kẹ́míkà tí kò ní jẹ́ kó kan. Omi náà gbọ́dọ̀ pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Kì í ṣe pé kí wọ́n kàn fi ta á lórí bí ẹní ń ta epo sí iṣu. Ìgò náà gbọ́dọ̀ lẹ́nu fẹ̀, nítorí ẹran tó rọ̀ nígbà tó ń wọlé yóò ti le nígbà tó bá fẹ́ jáde. Kò tún ń yára wọnú ẹran: nǹkan bíi mìlímítà kan ni fún wákàtí kan. Orúkọ aláìsàn, ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gé e àti ibi tí wọ́n ti gé e lẹ́nu gbọ́dọ̀ wà lára ìgò, kì í ṣe lórí ọmọrí. Ọmọrí ìgò méjì lè pààrọ̀ ara wọn lórí tábìlì, kí ẹni tí ara rẹ̀ dá wá gba èsì ẹni tó ní jẹjẹrẹ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n fi ẹran náà sínú omi lásán tàbí omi iyọ̀. Nínú omi lásán, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ á wú, wọ́n á bẹ́. Sípírítì lásán á sún un kì, á sì mú un le jù. Bí wọ́n bá fi òwú gbígbẹ wé e, á gbẹ bí ẹran orí ààrò. Àwọn kan tún rò pé firísà ló dára jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹja ilé kì í ti í bàjẹ́. Yìnyín tó bá dì nínú ẹran á fa àwọn sẹ́ẹ̀lì ya. Ìdí nìyí tí ọ̀nà tí a ń gbà tọ́jú ẹran ọbẹ̀ kò fi wúlò níhìn-ín: ẹran ọbẹ̀, kó ṣáà má rùn ni, ẹran àyẹ̀wò, àfi kí ìrísí rẹ̀ má yí padà rárá.

Nígbà tó bá dé ibi àyẹ̀wò, wọ́n á fi ọtí fa omi ara rẹ̀ jáde, wọ́n á fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ xylene fa ọtí náà kúrò, wọ́n á wá rì í sínú ìda yíyọ́. Bí ìda náà bá dì, wọ́n á fi ẹ̀rọ bẹ́ ẹ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Bí ènìyàn bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú rẹ̀ ni nínípọn ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pa á láró. Èyí yóò dùn mọ́ àwọn ìyá tó ń pa aṣọ láró: ọ̀kan nínú aró méjèèjì tí wọ́n ń lò wá láti inú igi kan ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, bí osùn ṣe ń ti inú igi wá lọ́dọ̀ tiwa. Òun ló ń sọ ojúlé sẹ́ẹ̀lì di aláwọ̀ aró, èkejì á sì sọ ìyókù di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ìgbà yẹn ni dókítà yóò wá fi maikirosíkóòpù wò ó bóyá àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti ya pòkíì, tí wọ́n ń wọ inú ara lọ.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. UCH, Ìbàdàn, ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1957, ní 1960 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkọsílẹ̀ àwọn alárùn jẹjẹrẹ ní Ìbàdàn. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, UNIMED, tí NUC fọwọ́ sí ní ọdún 2015, wà ní ìlú Oǹdó, ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ sì ní ẹ̀ka níbẹ̀ àti ní Àkúrẹ́. Ìtàn kan tún wà tó yẹ ká mọ̀. Ní ọdún 1963, wọ́n gé ẹran lára kókó jẹjẹrẹ tó yọ ní àgbọ̀n òkè ọmọkùnrin ọmọ Nàìjíríà kan, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Irú jẹjẹrẹ tí Denis Burkitt kọ nípa rẹ̀ láti Ùgáńdà ní ọdún 1958 ni. Wọn kò fi fọ́málìn sí i, torí fọ́málìn ń pa sẹ́ẹ̀lì ni. Oúnjẹ ni onímọ̀ Pulvertaft fún àwọn sẹ́ẹ̀lì náà nínú ìgò. Wọn kò kú. Raji ni wọ́n ń pè wọ́n káàkiri àgbáyé, wọ́n sì ń bí sí i nínú àwọn ibi ìwádìí títí di òní, lẹ́yìn ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún.

Oyin ńkọ́? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, nítorí àwọn àgbà mọ̀ pé oyin kì í bàjẹ́. Àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Índíà ti dán oyin tí wọ́n fi omi là àti ṣúgà ìrèké tí wọn kò fọ̀ wò lórí ẹran, wọ́n sì rí i pé ó mú un dúró dé ìwọ̀n tí maikirosíkóòpù fi lè kà á. Ṣùgbọ́n fọ́málìn ni ibi àyẹ̀wò ṣì ń retí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ìwádìí yìí da oyin ilé sórí ẹran tí dókítà gé.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, mọ̀lẹ́bí aláìsàn ni wọ́n ń gbé ìgò náà lé lọ́wọ́ pé kó gbé e lọ. Òórùn rẹ̀ lè dẹ́rù bani, torí ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n mọ́ mọ́ṣúárì. Kò yẹ kí wọ́n tìtorí èyí da omi inú rẹ̀ nù, tàbí kí wọ́n fi omi mímu rọ́pò rẹ̀. Májèlé ni. Láti ọdún 2004 ni IARC ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ẹni tó bá ń fa èéfín rẹ̀ símú. Nítorí náà, kí ìgò náà dé pinpin, kó wà nínú ọ̀rá, kó jìnnà sí oúnjẹ àti sí ọmọdé, kó má sì jókòó sínú oòrùn níwájú ọkọ̀ ní gáréèjì.

Kí ẹni tó gbé e tó kúrò lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó yẹ kó bèèrè bóyá fọ́málìn ló wà nínú ìgò, bóyá orúkọ wà lára rẹ̀, àti ọjọ́ tí èsì yóò jáde. Bí èsì bá sì dé, kó gba nọ́ńbà tí ibi àyẹ̀wò fi sí i. Ìda tí wọ́n rì ẹran náà sí ṣeé tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí dókítà mìíràn bá sì fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa fi wá a jáde, wọn kò ní tún fi ọ̀bẹ kan ahọ́n Bàbá.